Ọ̀jẹ́dòkun àti Àpáta Jẹ́-Ó-Parí

Ní ayé ìgbà tí ìlú ń jó bí igbó inú ọyẹ́, tí ènìyàn kì í mọ̀ bóyá ọmọ ilé ni òun yóò jí ní ọ̀la tàbí ẹrú, àwọn tí ogun lé kúrò ní ìlú méje sá gun orí òkè kan tí aparò pọ̀ sí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ dó. Òkè-Aparò ni wọ́n pè é, ọba wọn sì ń jẹ́ Aláparò. Wọ́n rò pé àwọn ti bọ́. Wọn kò bọ́. Ní òdì-kejì odò Àwẹ̀rẹ̀ ni jagunjagun kan wà tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ti parun lẹ́nu ènìyàn. Ìjì-Ọ̀sán ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, nítorí pé ọkùnrin náà kì í jà lóru. Ọ̀sán gangan ni ó máa ń dé, nígbà tí ọkùnrin bá wà lóko, tí abiyamọ ń fún ọmọ lọ́mú, tí àgbà ń tòògbé lábẹ́ igi. Yóò kó wọn bí ẹni ń ká ilá, kí oòrùn sì tó yẹ̀ lórí, yóò ti sọdá odò padà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ níwájú Ọlọ́run tí yóò dá mi lẹ́jọ́: kì í ṣe Ìjì-Ọ̀sán ni ó kọ́kọ́ ṣí ìlẹ̀kùn Òkè-Aparò. Ìgbéraga ni ó ṣí i, láti inú ilé.

Ìlú méje ni wọ́n ti wá, ẹnu wọn kò sì dọ́gba. Ohun tí ẹnì kan pè ní ìkíni, èébú ni létí ẹlòmíràn; ọ̀bẹ ti yọ nítorí rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Aláparò àkọ́kọ́ wá ṣe òfin kan, òfin náà sì dára ní ọjọ́ tí ó ṣe é. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dìde sọ̀rọ̀ ní ìta òun lọ́jọ́ ìpàdé, àfi ọmọ Ilé Alóhùn. Àwọn wọ̀nyí ni akéwì ìlú, tí baba ńlá wọn ti ń gbé ohùn sókè níwájú ọba láti ọjọ́ pípẹ́. Bí o bá ní ọ̀rọ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni o ó gbé e lọ; wọn yóò tún un ṣe, wọn yóò wá ohùn tí ó bá a mu, ọ̀kan nínú wọn yóò sì ké e. Ohùn ọdẹ wà fún ọ̀rọ̀ igbó, ohùn rárà fún ọ̀rọ̀ ọlá, ohùn ẹkún ìyàwó fún ọmọ tí ń lọ ilé ọkọ. Ẹni tí ó bá fi ọ̀kan ṣe èkejì, ó ba ìta jẹ́ nìyẹn. Àlàáfíà dé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí Ilé Alóhùn gbàgbé pé òjíṣẹ́ ni a fi àwọn ṣe. Wọ́n di onílẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ tálákà a máa sùn sí ẹnu ọ̀nà wọn títí yóò fi jẹrà, kò sì sí ẹni tí yóò bi wọ́n pé kí ló ń rùn.

Inú ilé yìí ni a bí Ọ̀jẹ́dòkun sí, Àlàó, ọmọ a-gbóhùn-sókè-kí-ẹyẹ-ó-sinmi, ọmọ ohùn tí ń dá òjò dúró lókè kí òjò lè gbọ́ ìparí ọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà ga, ó dúdú, ó dán, ó sì mọ̀ pé òun rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá fi ẹnì kan ṣe yẹ̀yẹ́ ní òwúrọ̀, kí ó tó di ìrọ̀lẹ́ àwọn ọmọ ìlú ti ń fi í kọrin. Ìyàwó rẹ̀ ti kú nígbà ìbímọ, ọmọ kan ṣoṣo ni ó fi sílẹ̀ fún un, Àyìnkẹ́, ọmọ ọdún méje. Ẹni tí kò bẹ̀rù ọba bẹ̀rù kí ọmọ yìí sunkún.

Ní ọjọ́ ìpàdé kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, obìnrin kan ti inú igbó dé. Ọyádolú ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ igi ṣíṣẹ́ ni ó ń ṣe, abà lẹ́yìn odi ni ó sì ń gbé, àjòjì láàárín àjòjì, nítorí ìlú tirẹ̀ kò sí lára méje tí ó tẹ òkè dó. Ó kọ́kọ́ lọ sí Ilé Alóhùn gẹ́gẹ́ bí òfin. Wọ́n ní kí ó dúró, àwọn ń kun osùn. Ó dúró títí. Nígbà tí ó rí i pé ìpàdé ń lọ sópin, ó wọ àárín ìta tòun ti igi lórí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ohùn ẹkún ìyàwó ni ó gbé e sí, nítorí òun nìkan ni ó mọ̀. Ìyá rẹ̀ ni ó kọ́ ọ ní ọ̀sẹ̀ tí ó ń lọ ilé ọkọ. Ní ìlà kìn-ín-ní, ó kí ọba. Ní ìlà kejì, ó kí odò Àwẹ̀rẹ̀. Àwọn ènìyàn ti ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn. Ọ̀jẹ́dòkun bá dìde, ó tẹríba fún un bí ẹni ń kí ìyàwó tuntun.

“Ìyàwó wa, ẹ kú ìrìn o. A rí ẹrù lórí yín, a ò tíì rí ọkọ.”

Ẹnì kan dá a lóhùn láti ẹ̀yìn pé ọkọ ń bọ̀, ó ń wá eyín tí yóò fi rẹ́rìn-ín sí ìyàwó. Ìta ya lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Ọ̀jẹ́dòkun gbé ọ̀pá akéwì rẹ̀ sókè, àwọn ọmọ ilé rẹ̀ gbé ohùn lé ohùn obìnrin náà, wọ́n sì bò ó mọ́lẹ̀. Ọyádolú yí padà, ó gba abà rẹ̀ lọ. Àwọn àgbà sọ pé Aláparò pàápàá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, Ìjì-Ọ̀sán dé. Ènìyàn mẹ́rinlélọ́gọ́rin ni ó kó lọ, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ọmọ tí ó lọ pọnmi, Àyìnkẹ́ sì wà nínú wọn. Ọ̀jẹ́dòkun sáré dé etí odò, kò bá ohunkóhun níbẹ̀ àfi ojú ẹsẹ̀ ẹṣin nínú ẹrẹ̀. Ó wò ó, ó tún un wò. Àwọn kan nínú ẹsẹ̀ náà tutù. Àwọn kan ti gbẹ, wọ́n sì ti lanu, wọ́n ti lo ọjọ́ bíi mélòó kan níbẹ̀. Ó jókòó sínú ẹrẹ̀ náà. Nígbà tí ó dìde, abà Ọyádolú ni ó gbà lọ, ó bá a níbi tí ó ti ń di igi, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀.

“Ìyá, kí ni ẹ fẹ́ sọ lọ́jọ́ náà?”

“Ọjọ́ wo?”

“Ọjọ́ tí mo fi yín ṣẹ̀sín.”

Obìnrin náà kò dá iṣẹ́ dúró. “Mo kí ọba, mo kí odò. Ìlà kẹta ni ẹsẹ̀ ẹṣin wà. Mo ti tò ó sórí ahọ́n. O ò jẹ́ kí n dé ibẹ̀.”

“Kí ló dé tí ẹ ò kàn pariwo rẹ̀ lásán?”

“Ọmọ mi, ẹ̀yin lẹ sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ tí a ò bá fi ohùn ké kì í ṣe ọ̀rọ̀. Mo gbà yín gbọ́.”

Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí ó foríjì òun. Ọyádolú ní òun kò tíì mọ̀ bóyá òun lè ṣe é, kí ó bá òun gbé ìdì igi yẹn. Ọ̀jẹ́dòkun ọmọ Alóhùn, tí kò ru nǹkan rí láyé rẹ̀, ru igi wọ àárín ìlú, gbogbo ojú sì rí i. Ẹ̀yin ará, ìrònúpìwàdà tí kò bá kan ọrùn, ẹnu lásán ni.

Láti ibẹ̀ ó lọ bá ẹ̀gbọ́n baba rẹ̀, Ọ̀jẹ́yínká, olórí Ilé Alóhùn, níwájú gbogbo mọ̀lẹ́bí. Ó ní, “Bàbá, a ti di pẹ̀tẹ́pẹ̀tẹ́ tí ó dí ìlú yìí létí. Ẹlẹ́dàá tí ó lanu fún wa ni ó lanu fún aṣẹ́gi, kò sì bi wá kí ó tó lanu fún un. Ẹ jẹ́ kí a ṣí ìta sílẹ̀. Kí ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ sọ ọ́ ní ohùn tí ó bá mọ̀, kí ó sì sọ ọ́ parí. Bí a bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìjẹta, ọmọ mi ì bá wà lórí ẹsẹ̀ mi.” Ọ̀jẹ́yínká kì í ṣe òmùgọ̀, ìyẹn gan-an ni ó burú nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó dáhùn jẹ́jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọmọ ń dùn ún, àwọn gbọ́, àwọn sì bá a sunkún. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ẹnu bá ti di ẹnu, ta ni yóò mọ̀ pé Ilé Alóhùn wà láyé? Ọ̀jẹ́dòkun gbé ọ̀pá rẹ̀ lé ilẹ̀ níwájú wọn, ó sì jáde.

Àpáta pẹrẹsẹ kan wà lẹ́yìn odi, níbi tí àwọn adẹ́mu ti máa ń sinmi. Ibẹ̀ ni ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Ẹgbẹ́ Jẹ́-Ó-Parí. Òfin mẹ́ta péré ni ó fún wọn. Ẹnikẹ́ni lè wá. Ẹni tí ó kẹ́yìn jùlọ nínú ìlú ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá sì dìde, a kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín, a kò gbọdọ̀ tún un ṣe, a kò gbọdọ̀ dá a dúró, títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi jókòó. Ìmọ́lẹ̀ ìhìnrere kò tíì dé apá ibẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n mo ti rí ilé àdúrà púpọ̀ tí òfin wọn kò tó èyí.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà rọrùn. Ẹrú wá, adẹ́tẹ̀ wá, obìnrin tí ọkọ kọ̀ wá, ará Tápà kan wá tí ó ń ké ní èdè tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Wọ́n sì gbọ́ ọ títí ó fi jókòó. Ẹnikẹ́ni kò fẹ́ jókòó ti adẹ́tẹ̀, Ọ̀jẹ́dòkun fi ibẹ̀ ṣe àyè tirẹ̀. Àwọn ará ìlú kan fẹ́ kí àpáta jẹ́ ti èdè tiwọn nìkan, ó lọ pẹ̀tù sí wọn ní ilé kọ̀ọ̀kan, ó lọ padà bí ìgbà méje. Baba arúgbó kan wà tí ó dìde ní òwúrọ̀ tí ó ń ki ewúrẹ́ rẹ̀, tí oòrùn dé àtàrí tí ó ṣì ń ki í, ó ki ìyá ewúrẹ́, ó ki ìyá-ìyá rẹ̀. Ebi ń pa wọ́n, òfin sì dè wọ́n mọ́lẹ̀. Ọyádolú ní kí ẹnì kan lọ mú ewúrẹ́ náà wá kí ó wá gbọ́ tirẹ̀, bóyá yóò bẹ baba kí ó jókòó. Ọyádolú fúnra rẹ̀ a máa wá sórí àpáta, ṣùgbọ́n kì í dìde sọ̀rọ̀. Ìlú ń pe wọ́n ní Ẹgbẹ́ Akólòlò. Àwọn ọmọ Ilé Alóhùn a máa kọjá, wọn a bi wọ́n bóyá ewúrẹ́ ti di olóyè.

Ní ọdún kẹta, Ìjì-Ọ̀sán tún dìde, ó ní ìlú náà pátá ni òun ń bọ̀ wá kó báyìí. Ẹni tí ó kọ́kọ́ rí i ni Lákanmí adẹ́mu, akólòlò tòótọ́, láti orí ọ̀pẹ. Ó sáré dé àpáta ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìpàdé wọn. Ọ̀rọ̀ há mọ́ ọn lọ́fun, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ.

“O... o... ogun wà ní odò.”

Gbogbo ẹgbẹ́ dìde fùú. Àwọn kan ti gbé àáké, wọ́n ní kí a máa lọ sí odò, kí Lákanmí parí tirẹ̀ lójú ọ̀nà. Ọ̀jẹ́dòkun na apá méjèèjì sí wọn.

“Kò tíì jókòó.”

Wọ́n ní ṣé kò gbọ́ ni, wọ́n ní ọmọ àwọn wà nílé. Ó ní ọmọ tòun náà wà nílé rí. Wọ́n dúró. Òógùn ń bọ́ lára Lákanmí bí òjò, wọ́n sì dúró dè é, ìyẹn sì nira fún wọn ju ogun lọ.

“Iná pọ̀... iná tí wọ́n dá pọ̀ ju è-è-ènìyàn tó wà nídìí ẹ̀ lọ. Àwọn tó kù... wọ́n ti gba Ọ̀nà Olókùúta.”

Lẹ́yìn náà ni ó jókòó.

Ìtànjẹ ni ti odò; ẹ̀yìn òkè ni Ọ̀nà Olókùúta gbà wọ ìlú. Bí wọ́n bá ti dá a dúró ní gbólóhùn kìn-ín-ní, gbogbo jagunjagun ìlú ì bá wà létí odò, kí Ìjì-Ọ̀sán tó gba ẹ̀yìn wọlé. Ọ̀jẹ́dòkun sáré lọ sí ìta Aláparò. Balógun ìlú wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀ọ́dúnrún ọkùnrin, òfin sì ni pé wọn kò gbọdọ̀ mira láìjẹ́ pé Ilé Alóhùn ké ogun fún wọn. Ó sọ ohun tí Lákanmí rí. Aláparò wo Ọ̀jẹ́yínká. Ọ̀jẹ́yínká ní òun kò gbọ́ ohùn ọmọ ilé òun níbẹ̀, àfi bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ni ó ń sọ̀rọ̀. Ọ̀jẹ́dòkun bá dọ̀bálẹ̀ níwájú ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́sí.

“Bàbá, ẹ gbà á. Ẹ ké e bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ rí i. Tiyín ni.”

Ọ̀jẹ́yínká bẹ̀rẹ̀ sí etí rẹ̀. “Kí o wá máa ké e lórí àpáta lọ́la pé ìwọ lo fi sí mi lẹ́nu?”

“Bí ẹ bá ké e, èmi ò ní í ké mọ́.”

“Láéláé?”

“Láéláé. Ẹ ṣáà fi àpáta sílẹ̀ fún wọn.”

Àgbà náà ní kí ó fi ahọ́n kan ilẹ̀. Ó fi ahọ́n kan ilẹ̀, níwájú ọba, níwájú ọ̀ọ́dúnrún ọkùnrin tí ó ti ń fi orin rẹ̀ jó láti kékeré. Ọ̀jẹ́yínká dìde, ó sì fi ohùn tí ó dára gan-an ké e, mi ò ní í purọ́ mọ́ ọn. Ó ní àwọn baba ńlá òun ni ó fi Ọ̀nà Olókùúta han òun lójú àlá.

Kí Balógun tó dé ibẹ̀, Ẹgbẹ́ Jẹ́-Ó-Parí ti ṣáájú. Ọ̀jẹ́dòkun sáré lọ bá wọn; méjìlélógójì ni wọ́n. Ọ̀nà tóóró ni, láàárín àpáta gíga méjì, àwọn aṣẹ́gi sì gé igi ńlá dí i, Ọyádolú wà lára wọn tí ó ń gé. Nígbà tí ẹṣin Ìjì-Ọ̀sán dé, kò sí ibi tí yóò gbà. Wọ́n dúró níbẹ̀ pẹ̀lú àáké àti ọ̀bẹ ìdẹ́mu, wọ́n sì dá ogun náà dúró títí ọ̀ọ́dúnrún ọkùnrin fi dé. Mẹ́rìnlá kú nínú wọn. Lákanmí kú. Adẹ́tẹ̀ náà kú. Ọ̀jẹ́dòkun akọni, igi ńlá tí ẹfùùfù bì tí ó tún dìde, ni ó fa Ìjì-Ọ̀sán lulẹ̀ lórí ẹṣin, ó di ọrùn rẹ̀ mú, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó sì bi í: ọmọ òun dà? Ọkùnrin náà ní ọmọ wo, ta ní ń ka ọmọ. Àáké ni Ọ̀jẹ́dòkun fi dá a lóhùn.

Ọjọ́ méje ni wọ́n fi jó ní ìta. Ọ̀jẹ́yínká ki ọba, ó ki Balógun, ó ki àwọn baba ńlá tí ó ní òun rí lójú àlá. Kò dárúkọ ẹnì kan nínú àwọn mẹ́rìnlá. Wọ́n lọ gba ẹrú padà ní òdì-kejì odò, mọ́kàndínlógún ni wọ́n rí. Àyìnkẹ́ kò sí níbẹ̀. Àwọn tí ó padà sọ pé wọ́n ti tà á sí ọ̀nà òkun láti ọdún àkọ́kọ́.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Ọ̀jẹ́dòkun tún lò láyé, kò sì ké ìlà kan. Ó ń gbá àpáta. Ó ń lọ pe àwọn tí ojú ń tì. Ó ń jókòó ní ẹsẹ̀ àpáta tí ó ń gbọ́ tiwọn láti àárọ̀. Wọ́n ní nígbà mìíràn ọ̀fun rẹ̀ a máa lọ sókè-sódò bí ti ẹni tí ó fẹ́ gbé nǹkan mì, yóò sì gbé e mì. Ọjọ́ tí ó kú, Ilé Alóhùn kò rán ẹnikẹ́ni wá. Ọyádolú, tí kò dìde rí lórí àpáta náà, tí ó ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́, ni ó dìde. Ohùn ẹkún ìyàwó ni ó fi sin ín. Kò sọ pé òun foríjì í, kò sì sọ pé òun kò foríjì í. Ó ké e parí, ó jókòó.

Àpáta náà wà níbẹ̀ títí di òní. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń ṣe Ọjọ́ Àpáta, Ilé Alóhùn ni ó sì ni ín báyìí. Wọ́n á sọ fún ọ pé Ọ̀jẹ́yínká ni ó dá a sílẹ̀. Òfin ṣì wà pé ẹni ìkẹyìn ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Nítorí náà, wọ́n a máa yan ọmọ kan nínú ilé wọn, wọ́n a wọ̀ ọ́ ní àkísà tí télọ̀ fúnra rẹ̀ ya, wọ́n a fi eérú díẹ̀ kun ojú rẹ̀. Bí ó bá ku ọ̀la ọdún, wọ́n a kó àwọn alágbe kúrò lójú títì kí àlejò má baà rí wọn. Ní ọdún tí mo lọ, obìnrin kan tí ń ṣa ike omi láàárín àga dìde, ó gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀, ó lanu. Àwọn ọ̀dọ́ méjì tí ń tọ́jú èrò lọ bá a, wọ́n kúnlẹ̀ kí i, wọ́n sì fi ọ̀wọ̀ dì í lápá. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, a ti ní ẹni ìkẹyìn tọdún yìí.” Wọ́n mú un jáde jẹ́jẹ́, wọ́n tilẹ̀ fún un ní omi tútù. Ọmọ Ilé Alóhùn bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, gbogbo wa sì pàtẹ́wọ́. Ohun tí obìnrin náà dìde láti sọ, Ọlọ́run nìkan ni ó mọ̀ ọ́n.